Ìbọn Ẹlẹ́nu Méjì Tí Káfíńtà Ń Tà

Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó ti sọ oko àgbàdo Kò-gbàgbé di ilé àsè. Wọn a jẹ ìdajì, wọn a tẹ ìyókù mọ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ìbọn àtijọ́ tí ó ní ti kú, kò ṣe é jí mọ́. Bó bá fi lè di ìkórè báyìí, kò ní rí nǹkan kan kó wálé. Nígbà tó wá gbọ́ pé ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan wà fún títà, irin méjì tó sùn ti ara wọn bí ìbejì, inú rẹ̀ dùn. Àfi pé ẹni tó ń tà á ni Káfíńtà, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Kò-gbàgbé, Káfíńtà pè é ní “Ìwé Mẹ́ta” lójú gbogbo èèyàn, torí pé kíláàsì kẹta ló ti sá kúrò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbàgbé. Òun kò gbàgbé. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀rọ̀ bá wà láàárín òun àti àna rẹ̀, ìyàwó ní í gbé e lọ, gbé e bọ̀. Tó bá wá lọ ra ìbọn tó bàjẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, ẹ̀rín kejì nìyẹn, èyí tí yóò bá a wọ sàréè.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ bá Káfíńtà lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́búlẹ́bú pákó kún irùngbọ̀n rẹ̀.

“Bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé mo wá wo ìbọn.”

Káfíńtà ò gbójú kúrò lára pákó tó ń fá. “Sọ fún ọkọ rẹ pé òun nìyẹn lórí tábìlì, kò ní bù ú jẹ. Kó yáa ṣe kíá, alápatà ń bọ̀ wá wò ó nírọ̀lẹ́.”

“Ẹ̀yin méjèèjì ṣáà gbọ́ ara yín,” ni ìyàwó wí. “Ṣé kí n tún un sọ ni?”

“Tún un sọ,” ni àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò-gbàgbé ṣí ìbọn náà, ó yọ irin rẹ̀ kúrò lára igi, ó sì gbé e sójú fèrèsé, ó yọjú wò ó. Inú rẹ̀ ń dán bí ṣíbí tuntun. Ó di irin méjèèjì mú gírígírí, ó fi igi kékeré kan lù wọ́n. Ó dún pọ́kọ́. Inú rẹ̀ dùn bíi pé wọ́n ta á lọ́rẹ.

“Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé òjé tó so irin méjèèjì pọ̀ ti ṣí. Irin tó pé a máa dún bí agogo.”

“Sọ fún ọkọ rẹ pé ẹni tó fọwọ́ fún agogo lọ́rùn, kí ló fẹ́ gbọ́? Ìka kan ni wọ́n fi ń gbé e kọ́.”

“Ẹnu ti ro mí,” ni ìyàwó wí. “Mò ń lọ mu omi.” Ó jáde.

Kò-gbàgbé mọ̀ pé òótọ́ ni, ìkanra ni kò jẹ́ kó rántí. Káfíńtà gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìka kan gbé irin ìbọn náà kọ́, ó nà án sí i. Kò-gbàgbé lù ú. Ohùn rẹ̀ ròkè, ó dùn, ó pẹ́ kó tó kú.

Ó wá ku ohun kan tí ojú kò lè rí, tí igi kò sì lè lù jáde. Ẹni tó ti ń yin ìbọn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Kò-gbàgbé wo ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ò yọjú. Ó rántí àgbàdo tó wà nílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó wí, “èwo nínú ẹnu méjèèjì ló máa ń kọ̀, tí kì í yìn?”

Káfíńtà fọwọ́ kan irin kan. “Ti òsì. Tí òtútù bá mú, ó dìgbà tó o bá fà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó dún. Sípíríǹgì ẹ̀ ti rẹ̀.”

“Kí ló dé tẹ́ ò ti sọ?”

“Ta ni kí n sọ fún? Ìyàwó ẹ ò kúkú ní yìnbọn.”

Kò-gbàgbé rò ó. Ká ní ọkùnrin yìí dákẹ́ ni, iwájú ẹlẹ́dẹ̀ lòun ì bá ti mọ̀. Ẹni tó fẹ́ fini ṣẹ̀sín kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn.

“Mo máa rà á,” ó wí. “Àmọ́ ẹ yọ owó sípíríǹgì kúrò.”

“Mo ti yọ ọ́ kó o tó dé. Iye tí mo pè fún alápatà, tó o bá gbọ́ ọ, wàá jókòó.”

“Ẹ fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀?”

“Àbúrò mi ni mo fẹ́ràn. Ìwọ, mò ń fara dà ọ́ ni.”

Nígbà tí ìyàwó padà dé, ẹ̀yìnkùlé ló bá wọn, wọ́n ń fi ọ̀pá ya oko sílẹ̀.

“Apá odò ni kó o ti dúró dè wọ́n.”

“Ẹ̀gbọ́n, oko ta ni?”

“Tìẹ ni. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ni ò mọ̀.”

Ìyàwó dúró kí wọ́n pe òun láti gbé ọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò pè é. Ó wá àpótí kan, ó jókòó.