Nítorí Omi Ọjọ́rú

Odò Isfara kì í ṣe ọ̀lẹ. Láti orí òkè tí yìnyín ti ń yọ́ ló ti ń sáré bọ̀, tó ń la ilẹ̀ gbígbẹ kọjá. Àwọn ará òkè ló ń dá a dúró lọ́nà. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa nísàlẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù kì í kún kẹ́tùlù.

Ọjọ́rú ni omi kàn wá. Ṣùgbọ́n gbogbo Ọjọ́rú ni Ashur, àgbà ará òkè, máa ń fi pákó dí ẹnu omi, á ní òun gbàgbé ọjọ́ ni. Àwọn igi zardolu mi, eléso dídùn tí a ń sá gbẹ tà, ti ń wọ́wé, èso wọn ti ń hunjọ. Tí wọ́n bá kú, kí ni mo fẹ́ sá sórí òrùlé? Kí ni mo fẹ́ tà jẹun?

Mo bá dá ọgbọ́n. Ashur ò bí ju ọmọbìnrin kan ṣoṣo lọ, Mohira. Ta ló ń fi òùngbẹ pa àna rẹ̀? Mo ní kí Tolib ọmọ mi lọ fẹ́ ẹ. Ashur gbà, àmọ́ ó ní ọkọ ni yóò wá gbé lọ́dọ̀ àwọn. Ìtìjú gbáà ni lọ́dọ̀ wa kí ọkùnrin máa gbé ilé àna. Mo gbé ìtìjú náà mì, omi ni mo ń wá.

Ọjọ́rú tó tẹ̀lé ìgbéyàwó, kòtò omi mi gbẹ táútáú. Mo so ìborí mi le, mo fi ìbínú gun òkè lọ. Ẹni tí mo bá lẹ́nu omi pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, Tolib ni.

"Tolib, ta ló dí omi yìí?"

"Màámi, ẹ rọra. Tòmátì ìyàwó mi ò tíì mu tó. Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀ náà, ariwo yín ti pọ̀ jù."

Ọmọ tí mo fi ọmú bọ́ ló ń pè mí ní ará ìsàlẹ̀. Ashur jókòó lábẹ́ igi, ó ń ki búrẹ́dì bọ tíì, ẹ̀rín ń pa á.

"Ẹ má bínú, Ìyá Tolib. Èmi ò fọwọ́ kan pákó o. Ọmọ yín ni."

Ó dùn mí wọ egungun. Mo wọ ilé Ashur lọ, àwọn méjèèjì tẹ̀ lé mi, mo tẹ́ tìmùtìmù tó dára jù síbi tí wọ́n ń fi àlejò pàtàkì sí, mo na ẹsẹ̀.

"Mohira, ọmọ mi, bu tíì wá. Omi ò wá bá mi, èmi ti wá bá omi. Ibí ni mo máa gbé títí èso á fi pọ́n. Àbí báyìí lẹ ṣe ń gbálẹ̀ níbí?"

Mohira wo bàbá rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó tẹrí ba, ó gbé tíì kalẹ̀ fún mi, ó já ṣọ́bìrì gbà lọ́wọ́ Tolib, ó lọ ṣí ẹnu omi. Mo mu tíì mi tán, mo bá omi sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, tí Ọjọ́rú bá ti mọ́, Mohira á ti ránṣẹ́ sí mi: "Màámi, omi ti ń bọ̀. Ẹ jókòó sílé."