Ilé Tí Kò Ní Yàrá Bàbá

Ìṣirò ni ọ̀tá gbogbo ọmọ kíláàsì kejì ní ilé ìwé Mọ́dà tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àfi Nimotalahi, ọmọ Fàsásì onígẹdú. Tirẹ̀ yàtọ̀. Bí wọ́n bá ti kọ òǹkà sójú pátákó, ojú rẹ̀ á tàn bí ẹni tí wọ́n gbé ẹran Iléyá síwájú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ó tín-ín-rín, ó lẹ́nu, kò sì sí ohun tó wù ú láyé ju kó di tíṣà lọ. Lóòótọ́, ọdún kẹta rèé tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n Mọ́dà tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bàbá rẹ̀ ló ń sanwó, bàbá rẹ̀ náà ló sì lè dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tó bá wù ú.

Mísì Adémúyìwá, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, ló ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ara rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bó bá pe ènìyàn láti iwájú kíláàsì, ẹni tó ń kọjá lọ sí Atíkórí pàápàá á dáhùn. Ó ti ń kọ́ wọn bí a ṣe ń ya ohun ńlá sínú ìwé kékeré tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ní bàjẹ́. Wọ́n ń pariwo pé ó ti yé àwọn, irọ́ ni wọ́n ń pa. Gbénró, ọ̀kan nínú wọn, ya ilé kan tí ewúrẹ́ tó so mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga ju ilẹ̀kùn lọ. Mísì wo ewúrẹ́ náà títí, ó pa ìwé dé.

“Ó tó,” ó ní. “Kí oníkálukú lọ ya ilé tí gbogbo ará ilé rẹ̀ máa jọ gbé. Íǹṣì kan lórí ìwé, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lórí ilẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún pọ́n-ùn ni mo fún yín, mi ò ní fi kọ́bọ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan kún un, kó kọ́kọ́ fi ohun tó máa yọ hàn mí.”

Ó wá kọ iye páànù, sìmẹ́ǹtì, ilẹ̀kùn, fèrèsé àti owó bíríkìlà sójú pátákó, ó jókòó, ó ń fẹ́ ara rẹ̀.

Bí ẹ bá rí Nimotalahi nílé lọ́jọ́ náà, ẹ ó rò pé káfíńtà ni. Ó wọn bẹ́ẹ̀dì Àdíját, ìyálé ìyá rẹ̀. Ó wọn ìdí ìkòkò, ó wọn àpótí aṣọ. Ó tún bẹ ìyá bàbá rẹ̀ pé kó nà gbalaja sórí ẹní kí òun lè mọ bí yàrá rẹ̀ yóò ṣe gùn tó.

Ìyá àgbà nà, ṣùgbọ́n ó ń fi ojú kan wò ó. “Nímọ, ṣé pósí lo fẹ́ kàn fún mi ni?”

“Rárá o, Ìyá. Ilé ni mo ń kọ́ fún un yín.”

“Ah, bó bá jẹ́ ilé ni, wọn ẹsẹ̀ mi dáadáa. Mo máa ń na ẹsẹ̀.”

Ilé náà pé lórí ìwé, àfi owó tí kò tó. Gbogbo bí ó ti ṣírò ó tó, ó ń fi ọgbọ̀n pọ́n-ùn àti díẹ̀ kọjá ohun tí Mísì fún wọn. Kí ni kó yọ? Ó wo ilé ìdáná méjèèjì. Ọ̀kan ìbá tó, ṣùgbọ́n ilé ìyàwó méjì ni wọ́n bí i sí, ó mọ iye tí àlàáfíà ń náni. Ó fi wọ́n sílẹ̀. Ó wo yàrá àwọn ọkùnrin, mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n ti fún pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí yàrá bàbá.

Ẹ má bínú sí i, ẹ jẹ́ ká rò ó bó ṣe rò ó. Ìsàlẹ̀ odò ni iṣẹ́ Fàsásì wà. Ó ń di ìtì igi pọ̀ ní Òde-Omi, ó ń bá wọn lórí omi lọ sí Èkó, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé, bí Sátidé bá sì ti kọjá, ó ti lọ. Nínú ilé tí wọ́n ń gbé báyìí gan-an, kò ní yàrá. Ó ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn ún, àga gígùn inú pálọ̀ ló ń sùn sí. Yàrá tí wọ́n á tì pa láti Àìkú dé Ọjọ́bọ̀, tí yóò gba ogójì pọ́n-ùn! Nimotalahi mú rọ́bà, ó pa yàrá bàbá rẹ̀ rẹ́, ó fi díẹ̀ kún pálọ̀ kí àga gígùn lè rọra wọ̀ ọ́. Owó bá tó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fò sókè.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Sùrájù, àbúrò rẹ̀ tí ìyálé bí, rí ìwé náà lórí tábìlì. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà kì í rí ìwé kó dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: “Yàrá Ìyá Sùrájù. Yàrá Ìyá Nímọ. Yàrá Ìyá Àgbà. Yàrá àwọn ọkùnrin. Yàrá Nimotalahi.”

“Ti bàbá yín ńkọ́?” Àdíját bi í.

“Kò sí níbẹ̀.”

“Wò ó dáadáa.”

“Mo ti wò ó. Wọn ò kọ bàbá síbẹ̀ rárá.”

Àdíját ká ọwọ́ lérí. “Yéè! Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti pín ulé Bàbá Sùrájù, ó ṣì wà láyé, ó ṣì ń jẹun!”

Ní ilẹ̀ wa, ìgbà tí olóògbé bá ti wọlẹ̀ tán ni ẹbí ń jókòó pín yàrá. Ẹni tó bá ń kọ orúkọ ìyá kọ̀ọ̀kan sí yàrá kọ̀ọ̀kan, tí kò kọ ti baálé, ohun tó sọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé. Kí Fàsásì tó ti mọ́ṣáláṣí dé, àdúgbò ti kún ilé. Ó gba ìwé náà, ó yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́.

“Ṣé ohun tí mo ń sanwó fún rè é?” ó ní, ohùn rẹ̀ kò sì ga, èyí ló dẹ́rù bani jù. “Láti Mọ́ńdè, wàá máa tẹ̀ lé ìyá rẹ lọ ra ẹja lọ́jà Èfìrè. Ìwé ti tó.”

Abibat, ìyá Nimotalahi, kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí, kò gbọ́. Ọmọ náà fẹ́ ṣàlàyé, ẹkún kò jẹ́. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n gba ayé lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí wọ́n ti gbà á lóòótọ́.

Abibat kò dúró dìgbà tí ilẹ̀ á fi mọ́ dáadáa ní Sátidé kó tó gba ilé Mísì lọ. Mísì fúnra rẹ̀ wá. Ó kúnlẹ̀ kí Fàsásì, kò bá a jiyàn rárá.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ọmọ yín. Kí ẹ tó yọ ọ́ nílé ìwé, ẹ kàn bá mi wá wo ilé tó kọ́ fún un yín.”

“Ulé wo? Èyí tí kò gba àtẹ́lẹwọ́ mi yìí? Ṣé eku ló máa gbé e?”

“Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, Bàbá. Ẹ wá wo ti ènìyàn.”

Fàsásì kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti mú ọ̀pá. Gbogbo ilé bá wọn dé pápá ilé ìwé. Èèkàn, okùn àti eérú ni Mísì kó lé Nimotalahi lọ́wọ́. Ó ní kó sọ íǹṣì kọ̀ọ̀kan di ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ọmọ náà nu imú, ó bẹ̀rẹ̀. Ó wọn, ó kan èèkàn, ó fa okùn, ó da eérú. Díẹ̀díẹ̀ ni ilé jáde láti inú koríko, tòun ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà.

Fàsásì gbé ẹsẹ̀, ó fẹ́ dá okùn kọjá.

“Fàsásì!” ìyá rẹ̀ ké mọ́ ọn. “Ṣé inú ògiri ni wọ́n ń gbà wọlé níbi tí mo ti tọ́ ẹ? Gba ẹnu ọ̀nà!”

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Onígẹdú ńlá padà sẹ́yìn, ó bọ́ bàtà, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ìyá àgbà wọ yàrá rẹ̀, ó nà sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan okùn. Ó ní òun ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Àdíját wọ ilé ìdáná tirẹ̀, ó na apá méjèèjì, ó yí biribiri. “Ó gba ìkòkò ńlá!” Ó gbàgbé pé ẹnu òun ni igbe ti jáde lánàá.

Ṣùgbọ́n Fàsásì ti dé pálọ̀, ó dúró. “Níbo ni tèmi?”

Nimotalahi kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, owó ni kò tó. Mo rò ó pé ọjọ́ méjì péré lẹ ń lò nílé. Ẹ kì í sọ pé ibì kan ń ni yín lára, mo wá rò pé kò ní ni yín lára.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Fàsásì wo ilẹ̀. Ó dùn ún, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó dùn ún, nítorí òótọ́ ni.

“Mo fẹ́ yàrá,” ó ní jẹ́jẹ́.

“Ẹ máa fi ohun tí ẹ máa yọ hàn wá, Bàbá,” Mísì dáhùn. “Bí òfin kíláàsì wa ṣe rí nìyẹn.”

Kí Fàsásì tó ronú, Nimotalahi ti dìde. Ó lọ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́bàá ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ èèkàn àkọ́kọ́, ó ń fà á. “Ẹ jẹ́ ká yọ èyí. Tèmi ni. Tí mi ò bá lọ sílé ìwé mọ́, mo lè máa sùn lọ́dọ̀ ìyá mi.”

“Fi igi yẹn sílẹ̀,” Fàsásì ní.

Ó fi í sílẹ̀.

Fàsásì fa okùn kan gba àárín pálọ̀, ó ní ìhín ti àlejò, ọ̀hún tòun. Ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè iye tí ògiri náà máa náni. Ọmọ náà ṣí ojú sókè, ó ṣírò ó lórí, ó ní pọ́n-ùn mẹ́fà ló kọjá.

“Fèrèsé onígíláàsì tó wà níwájú yẹn, yọ ọ́. Kí wọ́n fi pákó ṣe é, owó ògiri á ti ibẹ̀ jáde. Ṣé onígẹdú á máa ra gíláàsì ni?”

Ó wá rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá kékeré náà, ó ṣí fìlà, ó wọlé. Ó dúró sáàárín, ó wo igun kan, ó wo ìkejì, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó yẹ kó wà níbẹ̀.

“Nímọ,” ó ní, “tábìlì tí wàá ti máa kàwé dà?”

Nimotalahi kò ya tábìlì kankan. Kò ronú pé àyè wà fún un. Ó ṣáà na ìka sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bàbá rẹ̀ bu eérú, ó dà á sí i lọ́wọ́, ó sì ní kó fi ya tábìlì náà sílẹ̀ kí òun rí bó ṣe máa tóbi tó.