Jọlá Ní Ìyá Òun Fẹ́ Pààrọ̀ Ọkọ

Èdè Yorùbá Jọlá, ọmọ wa, ló dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀. Garki ní Àbújá la bí i sí, ó ń gbọ́ èdè wa ju bó ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Nígbà tí bàbá Waliyat, ìyàwó mi, jáde láyé, Bẹ́ǹsì pupa oníjókòó méjì, tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí, ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ ogbó ti dé sí i. Láàárọ̀, á wúkọ́, á bínú, kó tó gbà kí a lọ. Láníyì, ọ̀rẹ́ wa tó ń gbé ní Jabi, wá ní òun yóò fi Pọ́ọ̀ṣì àtijọ́ òun pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti wa Pọ́ọ̀ṣì yẹn yípo adágún omi Jabi. Ẹni tó bá ní òun ò lójúkòkòrò, kó lọ wà á ná. Waliyat nìkan ni kò tíì pinnu, ó sì ti ṣèlérí èsì fún Láníyì lọ́jọ́ Àìkú.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Jọlá pe ìyá Waliyat tó ń gbé ní Ìsẹ́yìn lórí fóònù, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ síta. Mọ́tò la máa ń pe Bẹ́ǹsì náà nílé, ṣùgbọ́n ọmọ fẹ́ sọ ojúlówó Yorùbá.

"Màmá Ìsẹ́yìn, mọ́mì fẹ́ pààrọ̀ ọkọ."

Kò fa ohùn ìparí wálẹ̀. Màmá ní kó gbé fóònù fún ìyá rẹ̀.

"Waliyat, ṣé òótọ́ ni?"

"Mo ṣì ń rò ó ni, Màmá. Ó ti ń gbó, ẹ̀yin náà mọ̀. Ariwo ni láràárọ̀."

"O ti rí èyí tó dára jù ú lọ?"

"Ó wà ní Jabi. Bàbá Jọlá gan-an fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ló ní kí n tètè gbà."

"Waliyat, ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni."

Waliyat wò mí, mo wo Jọlá. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kí n tó gba fóònù.

"Màmá, ọkọ̀ ni o. Mọ́tò Bàbá."

Mo rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá yín náà máa ń wúkọ́, wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá àwọn sọ̀rọ̀ láàárọ̀," ni wọ́n wí. "Ọkọ ti lọ, ọmọ mi. Ọkọ̀ ló kù."

Waliyat gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó jáde. Mo mọ̀ pé Pọ́ọ̀ṣì mi ti lọ nìyẹn, ó sì dùn mí díẹ̀. Bẹ́ǹsì wúkọ́, ó bínú, ó gbà. Ìyàwó mi na fóònù sí ẹ́ńjìnnì.

"Bàbá Waliyat," ni Màmá wí láti Ìsẹ́yìn, "ẹ káàárọ̀."