Ẹ̀rọ Ìyá Súẹ́tà Níwájú Adájọ́

Ìyá Súẹ́tà tẹ́ aṣọ sórí tábìlì kóòtù, ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń hun súẹ́tà lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbọn eruku àárín abẹ́rẹ́ rẹ̀. Kò kánjú. Abẹ́rẹ́ tó bá ti tẹ̀, á yọ ọ́, á fi òmíràn sí i.

Kóòtù ti dá a tẹ́lẹ̀ pé onílé rẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ẹ̀rọ náà lọ bó ṣe gbé e, torí obìnrin náà kò jẹ ẹ́ lówó ilé. Iye tí ẹ̀rọ náà tó ló kù tí adájọ́ máa dá. Onílé ní irin àlòkù ni, òun ti gbìyànjú ẹ̀ títí, òwú kàn ń dì mọ́ abẹ́rẹ́ ni. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, owó irin ni yóò san. Tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, yóò dá a padà, yóò sì san owó gbogbo súẹ́tà tí obìnrin náà ì bá ti hun látìgbà náà. Onílé tilẹ̀ mú mẹkáníìkì kan wá tó bá a sọ pé irin lásán ni.

"Ẹ̀rọ yìí ti kú, Ìyá," ni onílé wí. "Ẹ jẹ́ ká sin ín."

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá Onílé. Ẹ ò tíì so nǹkan mọ́ ọn nídìí."

Ó kó àwọn irin wúwo kan tó ní ìkọ́ jáde nínú àpò. Àwọn tí onílé rán wá gbé ẹ̀rọ rò pé pàǹtí ni wọ́n, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ ní igun yàrá rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún adájọ́ pé irin wọ̀nyí ló ń fa aṣọ wálẹ̀. Láìsí wọn, òwú á kó jọ sórí abẹ́rẹ́. Ó fi òwú sí abẹ́rẹ́, ó fi àwọn irin náà kọ́ ọ nídìí, ó fa ọwọ́ ẹ̀rọ lọ, ó fà á bọ̀. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wálẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Akọ̀wé kóòtù dìde kó lè rí i dáadáa.

Adájọ́ ní kí mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na aṣọ náà, ó wo ojú òwú rẹ̀.

"Olúwa mi, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Tí wọ́n bá ń ta èyí, iye tí wọ́n ń ta tuntun ni màá fi rà á."

"Ìwọ tí mo mú wá!" ni onílé wí.

"Ẹ̀rí lẹ ní kí n wá jẹ́, sà."

Kí adájọ́ tó ka ìdájọ́ tán pé kí onílé dá ẹ̀rọ padà, kó sì san owó iṣẹ́ tó mú kí obìnrin náà pàdánù, Ìyá Súẹ́tà ti gé òwú. Ó ká odindi apá súẹ́tà ọmọdé sínú àpò, ó sì ní kí onílé jọ̀ọ́ bá òun gbé ẹ̀rọ dé ẹnu ọ̀nà.

Ó gbé e.