Ẹni Tí Kì í Sin Òkú Dé Ibi Iná

Su-o, àbúrò olóògbé, ló mú iṣẹ́ náà wá. Ó bá Mu-sheng lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n pa síwájú ilé, níbi tó dúró sí láàrin àwọn ọ̀rẹ́ tó ti Taipei wá, ó sì rọra sọ fún un pé Mama, ìyá àwọn, ní kó má bá wọn lọ síbi tí wọ́n ti máa sun òkú.

Mu-sheng ń wo pósí A-Yuan, èéfín tùràrí ń ta á lójú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì tó bá A-Yuan ṣiṣẹ́ ń sọ pé bí ọ̀gá àwọn bá gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkú yìí ṣe ń wúkọ́, á dìde tún un ṣe ná kó tó máa lọ. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mu-sheng kò lè rẹ́rìn-ín.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni òun àti A-Yuan, ọkùnrin méjì, fi gbé inú ilé kan bíi tọkọtaya. A-Yuan ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe, òun ń lọ aṣọ nílé alágbàfọ̀. Lọ́dọọdún, bí ọdún tuntun bá dé, A-Yuan a wá sí abúlé etíkun yìí wá bá ìyá rẹ̀ jẹun, Mu-sheng a dá jẹ tirẹ̀ ní Taipei. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí òun náà máa bọ̀, ṣùgbọ́n “ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ yá ilé” ni wọ́n ń pè é lójú àlejò.

Nígbà tí ìjọba ìlú Taipei kọ́kọ́ gbà kí ọkùnrin méjì bí irú wọn forúkọ sílẹ̀ bí alájọgbé, A-Yuan kọ̀. Ó ní ìdajì ni, òun kì í sì í ṣe ẹni tó ń gba ìdajì. Lẹ́yìn náà ni àwọn adájọ́ àgbà ní kí wọ́n jẹ́ kí irú wọn ṣègbéyàwó. Ọdún kejì, àwọn ará ìlú dìbò pé àwọn kò fẹ́, A-Yuan kò sì fẹnu kan oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilé aṣòfin wá fọwọ́ sí òfin náà lóṣù karùn-ún, òjò ń rọ̀, àwọn méjèèjì wà lójú títì láàrin ogunlọ́gọ̀ èèyàn, àgbà méjì lábẹ́ agbòjò kan. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A-Yuan ti yan ẹ̀wù tó máa wọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀. Inú ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọkàn rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi Mu-sheng pé kí ló jẹ́ sí aláìsàn. Ẹnu tó ti fi ọgbọ̀n ọdún fi nǹkan pa mọ́ kò tètè mọ̀ pé ayé ti yí. “Ọ̀rẹ́,” ló wí. Wọ́n ní kí ọ̀rẹ́ dúró síta. Ìta náà ló wà tí Chin-tu, ẹ̀gbọ́n A-Yuan, fi ti abúlé dé, tó wọlé, tó sì jáde wá sọ fún un pé ó ti parí.

Ìdí nìyí tí ibi iná fi jẹ ẹ́ lógún. Níbẹ̀, kí wọ́n tó tanná, àwọn èèyàn olóògbé a pe orúkọ rẹ̀, wọ́n a ní iná ń bọ̀ o, sá, kí ẹ̀mí rẹ̀ lè jáde kúrò lára. Mu-sheng kò sí níbẹ̀ nígbà tí èémí bọ́. Ó fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí iná bá dé.

Ó lọ bá Mama. Ìyá arúgbó náà jókòó sórí àga ike, ọ̀pá lọ́wọ́. Ọ̀pá yẹn ló fi na pósí láàárọ̀, bí ìyá níbẹ̀ ṣe ń na pósí ọmọ tó bá ṣíwájú rẹ̀ lọ.

“Mama, ẹ má bínú. Gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń lọ. Kí ni mo ṣe tí èmi ò fi ní lọ?”

“Ta ló ní kí ọ̀rẹ́ má lọ?”

“Su-o ní ẹ ní kí n dúró.”

Mama wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tí kò gbọ́n. “Èmi náà ńkọ́, ṣé mò ń lọ ni?”

“Rárá, Mama. Òbí kì í sin ọmọ débẹ̀.”

“Ta tún ni kì í lọ?”

Mu-sheng mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n létíkun yìí. Ọkọ kì í sin aya débẹ̀, aya kì í sin ọkọ débẹ̀, kí òkú má baà máa wẹ̀yìn. Èèwọ̀ tọkọtaya ni. Kò sẹ́ni tó fi èèwọ̀ náà de Mu-sheng rí, kò sì wá sí i lọ́kàn pé ó lè kan òun.

Chin-tu bẹ̀rẹ̀, ó sọ sétí ìyá rẹ̀ pé àwọn aládùúgbò ń gbọ́ o.

“Kí wọ́n gbọ́,” ni Mama wí. “Gbogbo ọdún tí mo fi dákẹ́, kí ni wọ́n fún mi?” Ó kọjú sí Mu-sheng. “Bó o bá fẹ́ lọ, lọ. Ọkọ̀ wà, wàá lọ bí ọ̀rẹ́. Bó o bá jókòó tì mí, gbogbo abúlé á mọ ohun tó o jẹ́ sí ọmọ mi. Mi ò ní bínú sí èyí tó o bá mú, àmọ́ o ò lè mú méjèèjì.”

Àlùfáà ti ń lu agogo. Àwọn tó máa gbé pósí ti dìde. Mu-sheng dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan náà tó tì í síta nílé ìwòsàn níjọ́sí, “ọ̀rẹ́,” ni yóò gbé e dé ibi iná lónìí bó bá tún lè sọ ọ́. Ó la ẹnu. Kò lè sọ ọ́.

Ó fa àga kan, ó jókòó ti Mama.

Su-o mú ègé aṣọ ọ̀fọ̀ tí àwọn ẹbí ń lẹ̀ mọ́ apá wá, ó fi píìnì so ó mọ́ Mu-sheng lápá. Obìnrin aládùúgbò kan tó ń bó ẹ̀pà dáwọ́ dúró. Chin-tu wolẹ̀, ó sì bọ́ sẹ́yìn pósí.

“Bá mi pè é,” ni Mu-sheng sọ fún Su-o. “Pariwo dáadáa.”

“Mo gbọ́, Bọ̀dá,” ni Su-o wí.

Àwọn ọkọ̀ lọ. Ilé dákẹ́. Mama ní òùngbẹ ń gbẹ òun, Mu-sheng sì bu omi wá. Mama bi í bóyá ọmọ òun ń rí ìṣáwùrú etíkun jẹ ní Taipei. Mu-sheng ní ó ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń sọ pé kò dùn tó ti ilé. Mama ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó béèrè bóyá ó ṣì máa ń hanrun. Mu-sheng ní ó ń han án títí àwọn aládùúgbò fi ń kan ògiri. Mama rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, Mu-sheng gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ejìká rẹ̀ mú títí tí Mama fi sùn lọ.

Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó padà dé. Su-o sọ̀ kalẹ̀, ohùn rẹ̀ ti há, ó kàn mi orí sí Mu-sheng pé òun ti pè é. Mu-sheng fẹ́ rántí ibi tí ọkàn òun wà nígbà tí iná náà dé, kò rántí. Bóyá ìgbà tó ń bu omi ni. Bóyá ìgbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín ni.