Nọ́ńbà Tó Parẹ́ Lórí Tìràńsítọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ra tìràńsítọ̀ alágbára, irin kékeré tó ń gbé ohùn sókè nínú ẹ̀rọ, ní Ṣàngó-Ọ̀tà láyé Sáàpù tí ìjọba ní kí aráàlú ṣọ́wó ná, sùúrù ni kó kọ́kọ́ rà. Ọjà òkè òkun ò wọlé bó ṣe yẹ mọ́, àwọn oníjìbìtì sì ń pa nọ́ńbà ara èyí tí kò lágbára rẹ́, wọ́n ń tẹ 3055, nọ́ńbà èyí tó lágbára, lé e, wọ́n ń tà á fún òmùgọ̀. Yẹ̀kínì, tó ń tún rédíò ṣe ní Joju níbẹ̀, ló kọ́ àdúgbò bí wọ́n ṣe ń dán an wò: rẹ òwú sínú pẹtiróòlù, fi nu orí irin náà. Bí nọ́ńbà bá parẹ́, ayédèrú ni.

Rédíò ni Yẹ̀kínì fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò ló fi ń gbádùn ayé. Ó ti to mẹ́fà. Ìkeje yìí ló máa kẹ́yìn, torí ojú òsì ti lọ, dókítà sì ti sọ fún un pé tọ̀tún náà ò ní ju oṣù mélòó kan lọ. Tìràńsítọ̀ mẹ́rin péré ló kù tó ń wá. Kó parí ẹ̀rọ náà kí òkùnkùn tó dé, ìyẹn nìkan ló ń bẹ Ọlọ́run fún. Kò jẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ nípa ojú náà, torí ta ló máa gbé rédíò fún afọ́jú tún ṣe? Mùíbátù ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Adérógbà náà mọ̀.

Adérógbà, ọmọ Ìkirè, ń ṣiṣẹ́ iná nílé iṣẹ́ aṣọ kan. Ọwọ́ Yẹ̀kínì ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀rọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà ń kógbá sílé, ó tọrọ àyè lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko tú inú àwọn ẹ̀rọ tó ti di kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ó ń wá tìràńsítọ̀ fún Yẹ̀kínì.

Ní Sátidé kan, ó tú áńkáṣíìfù sórí tábìlì Yẹ̀kínì. Èèyàn kún ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n pé mẹ́rin. Gidi ni.”

Yẹ̀kínì rí nọ́ńbà náà kedere, ó dúdú, ó tóbi. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń wò ó, olùkọ́ ò sì lè sá fún ìdánwò tó fi ń dán ọmọ ẹlòmíì wò. Ó fi òwú nù ún. Òwú náà di dúdú, nọ́ńbà parẹ́.

“Adérógbà, èmi lo fẹ́ tẹ ayédèrú lé lọ́wọ́?”

Adérógbà wo àwọn tó jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, ó sì jáde.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Joju ti ń pe Adérógbà ní oníjìbìtì. Yẹ̀kínì ju mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú agolo mílíìkì.

Lọ́jọ́ kọkànlá, Mùíbátù fẹ́ fi agolo náà wọn gàrí.

“Bàbá Toyibat, nọ́ńbà tí ẹ ní ó parẹ́ ṣì wà níbí o.”

“Níbo?”

“Wọ́n fín in sínú irin, tín-ín-rín báyìí. Yíǹkì tí ẹnìkan fi kọ ọ́ gàdàgbà lé e lórí ló parẹ́.” Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. “Kí ẹ lè rí i kà ni.”

Ó wá yé Yẹ̀kínì. Bí Adérógbà bá ṣàlàyé lọ́jọ́ náà, ó máa ní láti sọ ìdí tó fi kọ ọ́ tóbi lójú gbogbo èèyàn. Ìtìjú mú un débi pé kò lè jẹun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ bá Adérógbà nílé rẹ̀ ní Ìjù, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé.

Ní Sátidé náà, nígbà tí èèyàn tún kún ṣọ́ọ̀bù, Yẹ̀kínì dìde. “Tìràńsítọ̀ Adérógbà kì í ṣe ayédèrú. Ojú mi gan-an ni ayédèrú. Ọ̀kan ti fọ́, èkejì ń lọ. Ó kọ nọ́ńbà kí n lè rí i, ó sì gba orúkọ burúkú kí ẹ má baà mọ̀.”

Mùkáílà télọ̀ rọra gbé rédíò tó gbé wá fún àtúnṣe kúrò lórí tábìlì, ó kí wọn dáadáa, ó lọ. Àwọn méjì tẹ̀ lé e.

Adérógbà fa àpótí sún mọ́ tábìlì, ó mú irin sódà tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀, tó ti gbóná.

“Ẹ̀gbọ́n, ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?”

Yẹ̀kínì fi ìka wá ẹsẹ̀ tìràńsítọ̀ àkọ́kọ́, ó sì dì í mú fún un.