Jẹ́sì Tí Kò Ní Àbàwọ́n

Lorna Vondra kì í wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, bí àwọn èèyàn yòókù ṣe ń wò ó. Trent ọmọ rẹ̀ ni ajùbọ́ọ̀lù, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù síwájú, fún ẹgbẹ́ ilé-ìwé ìlú wọn kékeré ní Nebraska, ṣùgbọ́n jẹ́sì funfun tí ọmọ náà ń wọ̀ ni ìyá fi ń mọ bí eré ṣe lọ. Bó bá ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn eré Fúráìdeè, àbàwọ́n koríko ẹ̀yìn rẹ̀ á sọ fún un bí wọ́n ṣe gbé ọmọ òun ṣánlẹ̀ tó. Lọ́dún tó kọjá, àwọn tó yẹ kó dáàbò bo Trent níwájú kò lágbára. Alátakò kan já gba àárín wọn kọjá, ó sì ṣẹ́ ẹ léjìká. Dókítà ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ọwọ́ yẹn kò ní ju nǹkan mọ́ láyé.

Ọlọ́run bá wọn ṣe é, àwọn ọmọ àgbẹ̀ márùn-ún kan dìde lọ́dún yìí, wọ́n tóbi, wọ́n sì dúró níwájú Trent bí ògiri. Marlon Pokorny ni olórí wọn. Nítorí pé ọmọ ò pọ̀ nílé-ìwé náà, àwọn kan náà ló tún ń dènà nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sọ́wọ́ alátakò. Wọn kì í sinmi rárá.

Ó wá di ọjọ́ Túsìdeè, Trent lọ lanu lórí rédíò. Wọ́n bi í pé kí ló ń jẹ́ kí wọ́n máa borí, ó ní apá òun ni. Kò dárúkọ ẹlòmíràn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Trent fẹ́ mú un bá èjìká.

Níbẹ̀, ilé ajùbọ́ọ̀lù ló ń fún àwọn ọmọ tó ń dáàbò bò ó níwájú lóunjẹ ní ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè, tí eré bá ku ọ̀la. Lorna yan eegun ìhà ẹlẹ́dẹ̀ títí ilé fi ń ta sánsán, ó se ọ̀dùnkún, ó to àga. Ẹnikẹ́ni ò wá. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ orí rédíò yẹn ló fà á.

Ó bi Trent pé àwọn dà, ọmọ náà ní bóyá ebi ò pa wọ́n.

"Ebi ò pa Marlon? Marlon tó dá odidi páì ràgàjì jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá? Gbé ìkòkò yẹn, ká máa lọ."

Inú abà àwọn Pokorny ni wọ́n bá wọn, níbi tí wọ́n ti ń gbé irin láti fi ṣe eré ìdárayá. Wọ́n kí ìyá, wọn ò kí ọmọ. Ó ń ṣe Lorna bíi kó bá a bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ṣíbí ìbuoúnjẹ ló nà sí ọmọ náà. Trent fúnra rẹ̀ ló bu oúnjẹ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀gọ̀ ni mo sọ. Tí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni ǹ bá wà."

Marlon jẹ eegun kan tán kó tó dáhùn. "Ọ̀gá Alápá, ṣé apá ẹ yẹn lè bu ọ̀dùnkún sí i fún mi?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Lorna náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò tíì balẹ̀, torí eré Fúráìdeè ni yóò fi hàn bóyá wọ́n ti dárí jì í.

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn àwọn márùn-ún yẹn nìkan ni Lorna ń wò. Àwọn alátakò ya lù wọ́n léraléra, wọn ò yẹ̀. Trent ń rí àyè dúró, ó ń wò, ó ń jù. Nígbà tó ku díẹ̀ kí eré parí, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ alátakò, ó sì ku ìwọ̀nba ẹsẹ̀ bàtà kí wọ́n gbé e kọjá ìlà, kí wọ́n sì gba eré náà mọ́ ẹgbẹ́ Trent lọ́wọ́. Àwọn márùn-ún tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹ, wọ́n sì ti àwọn alátakò padà sẹ́yìn. Fèrè dún. Lorna jókòó pẹ̀sẹ̀, ara tù ú débi pé omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, ó tẹ́ jẹ́sì Trent sórí tábìlì, ó yí i síwá sẹ́yìn. Kò sí àbàwọ́n kankan. Ó ká a sórí àga, ó wa ọkọ̀ lọ sí abà àwọn Pokorny, níbi tí àwọn márùn-ún kó ẹrù eré wọn sí, ó sì ní kí wọ́n kó jẹ́sì àwọn márààrún fún òun. Ilẹ̀ ti sọ wọ́n di dúdú.

"Mọ́mì Trent, ìyá mi máa fọ tèmi," ni Marlon wí.

"Mo mọ̀. Ìdọ̀tí tó yẹ kó wà lára ti Trent ló wà níbẹ̀ yẹn. Gbé e wá."

Ó fọ gbogbo wọn, Trent ló sì sá wọn sórí okùn.